Ìwé Ilé Là Ń Wò, A Kì í Wo Ilé

Wọ́n ní ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnìkan ò wá. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò láti Ọ̀yìngbò lọ sí Agbádó, kì í ṣe àwọn tó ń ra ata àti iṣu nìkan ló ń wọ́ lọ síbẹ̀ mọ́. Àwọn tó ń ra ilé náà ti dé. Àwọn ajẹ́ńtì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ ojú irin ni wọ́n fi ń ṣí ẹnu: ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, ẹlòmíì ti ń kówó bọ̀, kí oníbàárà tètè ṣe é.

Olùrà tó bá gbọ́n kì í sáré. Á bi wọ́n léèrè ta ló ni ilé, ẹbí wo, ojúlé wo, ta ni olórí ẹbí, ṣé gbogbo ọmọ bàbá olóògbé ló fọwọ́ sí i àbí àkọ́bí nìkan. Á gba lọ́yà, lọ́yà á lọ yẹ ìwé wò ní ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ ní Aláúsá. Á gba sàfíyọ̀, sàfíyọ̀ á gbé nọ́ńbà inú ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, kó má lọ jẹ́ pé orí ilẹ̀ ìjọba ni ilé jókòó lé. Ẹni tó bá ti rí ogiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé yìí kì í ṣe títà mọ̀ pé gbogbo wàhálà yìí tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan ilé fúnra rẹ̀. Á wọlé, á wo táìsì, á ṣí ẹ̀rọ omi, á gbọ́ bó ṣe ń dà, á béèrè iye wákàtí tí iná fi ń wà lójúmọ́. Á gòkè, á wo ojú títì láti orí báńkóní, ó parí. Owó tó gbà á ní ogún ọdún láti kó jọ, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi wo ohun tó fẹ́ fi rà.

Ìwé lè pé kí ilé má pé. Lọ́yà tó dára jù ní Èkó kò lè sọ bóyá irin inú òpó tó wà lẹ́yìn ilé ti jẹra. Àṣìṣe ńlá mìíràn tún wà nídìí ọ̀rọ̀ sàfíyọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ wa, ilẹ̀ ni sàfíyọ̀ ń wọ̀n. Sàfíyọ̀ kejì, èyí tó máa ń díye lé dúkìá, iye tí ilé tó lọ́jà ló ń sọ. Kò sí èyí tí wọ́n rán nínú àwọn méjèèjì pé kó yẹ òpó àti dẹ́kìn wò, àmọ́ olùrà tó ti sanwó fún wọn gbà pé wọ́n ti bá òun wo ilé.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ilé alájà mẹ́ta kan wó ní òpópónà Ìbàdàn ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé ènìyàn dé láti ọjà Ọ̀yìngbò. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́jọ ló kú, wọ́n sì fa àwọn tó lé ní ogún yọ láàyè. Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn. Ní oṣù Keje ọdún 2006, ilé alájà mẹ́rin kan ti wó ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta yìí kan náà, òkú tí wọ́n gbé jáde lábẹ́ rẹ̀ lé ní ogún. Nígbà tí katakátá ń kó àwókù, kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀, wà.

Ti Ìta Fáàjì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tún bani nínú jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ọdún 2019 ni ilé kan wó níbẹ̀, ilé-ìwé ọmọdé wà lókè ilé ọ̀hún, ènìyàn ogún ló sì bá a lọ. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé àwọn ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni. Gbogbo ará Èkó mọ àmì yẹn, X pupa tí wọ́n fi ọ̀dà fà sára ogiri. Ohun tí ọ̀dà kọ, ọ̀dà kan náà lè pa á rẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹni tó bá wá wo ilé lọ́jọ́ Sátidé, tó rí i tó ń dán gbinrin, kò lè mọ ohun tó wà lábẹ́ àwọ̀ funfun yẹn àfi tó bá lọ bi LASBCA, àjọ ìjọba Èkó tó ń mójú tó ilé kíkọ́, bóyá ilé náà wà nínú ìwé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìṣòro ilé àtijọ́ àti ti mẹ̀kúnnù nìkan nìyí. Ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Gerrard Road ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 pa èèyàn tó ju ogójì lọ. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ tí wọ́n ti ń ta fúláàtì inú rẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá. Bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà tó ń bójú tó egungun ilé náà ti kọ̀wé láti oṣù Kejì ọdún 2020 pé àwọn yọwọ́, pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ mọ́. Olùrà kan ṣoṣo tó bá takú pé òun fẹ́ bá ẹnjiníà ilé sọ̀rọ̀ kóun tó sanwó ì bá ti gbọ́ ìròyìn yẹn.

Kí wá ni ẹnjiníà ń wò tí ojú olùrà ò rí? Àwọn baba wa ní bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ogiri ilé tí wọ́n fẹ́ tà kì í lanu, wọ́n ti fi pílásítà dí i lẹ́nu. Nítorí náà, ẹnjiníà á máa fi ìka kan ogiri bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn. Ibi tó bá ti ń dún bí agbè òfìfo, pílásítà ti ya kúrò lára búlọ́ọ̀kù níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìlà tó là lára ogiri ló léwu. Èyí tó tín-ín-rín bí irun orí lè má ju gbígbẹ pílásítà lọ. Èyí tó bá ti igun fèrèsé sọ̀ kalẹ̀ ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀ bí àtẹ̀gùn, tó ń tẹ̀lé oríkèé búlọ́ọ̀kù, ìpìlẹ̀ ló ń fi í sọ pé apá kan ilé ti ń rì.

Á wo abẹ́ dẹ́kìn. Bí ìlà kan tó pọ́n bí osùn bá gba ibẹ̀ kọjá, irin inú rẹ̀ ti ń dípẹtà. Irin tó bá dípẹtà á wú, á sì máa ti kankéré tó bò ó sẹ́yìn títí kankéré á fi bọ́ lulẹ̀ bí èèpo. Yanrìn tó ní iyọ̀ nínú ń mú un yára, omi balùwẹ̀ òkè tó ń kán sórí dẹ́kìn láìdáwọ́ dúró sì ń ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ló máa fa òòlù kan yọ, òòlù Schmidt, tí kì í fọ́ ohunkóhun. Sípíríìnì wà nínú rẹ̀. Bó bá ti kan òpó, á ta padà, nọ́ńbà á sì jáde lára rẹ̀ tó ń fi bí ojú kankéré ṣe le tó hàn. Ojú nìkan ló mọ̀ o. Bí nọ́ńbà bá kéré tàbí tó ń ṣe ségesège, wọ́n á lu ihò kékeré sára òpó, wọ́n á yọ kankéré jáde bí ẹni yọ mùdùnmúdùn, ó di yàrá àyẹ̀wò.

Ní Ọ̀yìngbò, ohun méjì wà tó yẹ kí ẹnjiníà fẹjú mọ́ ju gbogbo rẹ̀ lọ. Èkíní ni ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀. Ọjà wà nítòsí, owó ṣọ́ọ̀bù ju owó yàrá lọ, onílé á ní kí bíríkìlà wó ogiri iwájú kí ìlẹ̀kùn onírin lè gbà, bíríkìlà ò sì ní béèrè ẹrù tí ogiri yẹn ń rù. Èkejì ni ilé tó ga ju ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹ̀bútè Mẹ́ta tí Ọ̀yìngbò wà kì í ṣe ìlú àná: lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìfọ́lé ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1867 ni àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ wá tẹ̀dó síbẹ̀ (orúkọ rògbòdìyàn yẹn bá ọ̀rọ̀ wa mu jù). Ọmọ gbé àjà kan lé ilé bàbá, ọmọ ọmọ tún gbé òmíràn lé e. Ìpìlẹ̀ ti ilé ilẹ̀ ṣì ni.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Peckham mọ gbogbo èyí dáadáa. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ilé ní London, wọ́n á ti wá ọmọ ẹgbẹ́ RICS, ẹgbẹ́ àwọn sàfíyọ̀ tibẹ̀ tó ń yẹ ilé fúnra rẹ̀ wò, kó wo ilé náà láti òrùlé dé ìpìlẹ̀. Fún ilé àtijọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Level 3 ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe, torí òfin ibẹ̀ fi ìṣọ́ra lé olùrà lọ́wọ́. Ẹni kan náà ni yóò fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní Èkó. Àbúrò á lọ ya fídíò, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ilé náà le bí òkúta.” Ẹ̀gbọ́n á dúpẹ́, á sanwó.

Wọ́n máa ń ní owó ẹnjiníà wọ́n. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbà láti san ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún ajẹ́ńtì, wọ́n tún san irú rẹ̀ fún lọ́yà, wọn ò sì jà. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ni àwọn ń rà, àwọn máa wó ilé náà ni. Ó dáa, kí wọ́n lọ yẹ ilẹ̀ wò nígbà náà, torí orúkọ Ẹ̀bútè fúnra rẹ̀ ń sọ ti omi, kí wọ́n sì wo ogiri ilé kejì tó fara ti èyí tí wọ́n fẹ́ wó. Àwáwí tó le díẹ̀ ni pé ẹni tó ń tà kò ní gbà. Bí kò bá gbà kí ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń forúkọ ẹnjiníà sílẹ̀, fọwọ́ kan òpó rẹ̀, ó ti dáhùn ìbéèrè.

Lọ́yà ló lè sọ ọ́ di àṣà. Kó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé owó àsansílẹ̀ máa padà bí àbọ̀ ẹnjiníà bá burú. Kó béèrè ìwé-ẹ̀rí tí LASBCA ń fún ilé tó parí tó sì yẹ fún gbígbé. Kí ìjọba náà fi orúkọ àwọn ilé tó ti sàmì sí síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i, òpópónà sí òpópónà, kó sì máa béèrè àbọ̀ ẹnjiníà kí gómìnà tó fọwọ́ sí títa ilé alájà.

Ilé tó bá ní àìsàn kì í ṣe ilé tí a ò gbọ́dọ̀ rà. Àbọ̀ tó bá sọ pé òpó mẹ́ta nísàlẹ̀ ti rẹ̀, ọwọ́ ìdúnàádúrà ló ń bọ́ sí: olùrà á yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tí wọ́n pè, wọ́n á fi irin tuntun àti kankéré di òpó náà láṣọ. Àmọ́ àwọn ìyá tó ń ta aṣọ àti ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kó ẹrù wọn jáde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ni ilé náà ì bá sì kọ́kọ́ wó lé.