Àdéhùn iná oòrùn Nàìjíríà àti Jámánì: Níbo la bá Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù?

Láti ọdún 2008 ni Nàìjíríà àti Jámánì ti jọ ń ṣe àjọṣe lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Nígbà tó di 2013, ètò kan tí wọ́n ń pè ní NESP bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Jámánì àti Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ló ń náwó sí i, àjọ GIZ ti Jámánì ló sì ń bá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ọ̀rọ̀ iná ṣe é. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ mú: Ògùn, Niger, Plateau, Sókótó àti Cross River. Ọ̀ṣun kò sí nínú wọn.

Èso àjọṣe yìí kò jìnnà sí wa. Ẹ wo Gbamu-Gbamu, abúlé àwọn olóko kòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, níbi tí òpó NEPA kò dé. Ní 2018 ni wọ́n ṣí ilé iná oòrùn kan síbẹ̀, tí agbára rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 85. Owó ìrànwọ́ gbé apá kan ìnáwó náà, ṣùgbọ́n Rubitec, ilé-iṣẹ́ aládàáni ọmọ Nàìjíríà, ló kọ́ ọ. Lára iná tí àwọn ará abúlé ń rà ni ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń rí owó rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn ènìyàn wa a máa rò pé ọ̀fẹ́ ni ohun tí òyìnbó bá lọ́wọ́ sí.

Kí ló wá dé tí irú rẹ̀ kò fi tètè kàn wá? Wáyà tó wà lórí wa ni. Àwọn abúlé tí iná kò dé rárá ni irú ètò báyìí kọ́kọ́ ń wò. Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù ní òpó, wọ́n ní tiransifọ́mà. Lórí ìwé, iná ti dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Ohun tó tún ń dunni ni pé Òṣogbo, tí kò jìnnà sí wa rárá, ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà. Ìgbà tó ju mẹ́wàá lọ ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè wó lulẹ̀ ní ọdún 2024. Ẹni tó ń ta ẹja yìnyín kò lè fi òpó dá ẹja rẹ̀ dúró.

Ọwọ́ kejì tí Jámánì tún nà sí wa, ti Siemens ni. Oṣù keje ọdún 2019 ni Nàìjíríà bá ilé-iṣẹ́ náà ṣàdéhùn láti tún àwọn ọ̀nà iná ńlá ṣe. Ní oṣù Kejìlá 2023, ní Dubai, Ààrẹ Tinubu àti Olaf Scholz, tó jẹ́ olórí ìjọba Jámánì nígbà náà, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún fọwọ́ sí ìwé pé kí iṣẹ́ náà yá sí i. Ọwọ́ kan ń tún òpó ńlá ṣe, èkejì ń gbé oòrùn lọ fún ẹni tí kò ní òpó. Àárín ọwọ́ méjèèjì la wà.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan wà. Mokoloki, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ògùn, ní wáyà bíi tiwa, iná ibẹ̀ kò sì dára. IBEDC tó ń fún wa níná ló ń fún àwọn náà. Ilé-iṣẹ́ Nayo Tropical Technology bá IBEDC ṣe àdéhùn, àjọ kan láti Amẹ́ríkà, Rocky Mountain Institute, ràn wọ́n lọ́wọ́, iná oòrùn kílówáàtì 100 sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020 lábẹ́ wáyà tó ti wà níbẹ̀. Ìlànà àjọ NERC ti 2016, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, fàyè gba èyí, bí ará ìlú, IBEDC àti ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ kọ́ ọ bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan náà.

Kò ní pọ́n-ún-pọ̀ o. Iná bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́n ju ti NEPA lọ. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra bátìrì àti páànẹ̀lì, a sì mọ ohun tí náírà ti fojú rí láti oṣù kẹfà 2023. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye tí NEPA ń gbà ló yẹ kí wẹ́dà wa fi díwọ̀n rẹ̀, bí kò ṣe iye tó ń fi ra bẹntiróòlù sí jẹnẹrétọ̀ láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lójú tèmi, ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi oòrùn tan gbogbo Ìkìrun lẹ́ẹ̀kan náà ń tan wá ni. Ọjà ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àti àdúgbò àwọn wẹ́dà, àti ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, àti ẹ̀rọ tó ń fa omi Eko-Ende láti odò Ọ̀tìn.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ́kọ́ yanjú. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ló ti dáwó ra tiransifọ́mà àti òpó fúnra wọn. Bí iná oòrùn bá máa gba orí wọn kọjá, ta ló ni wọ́n, ta ni yóò gba owó ìlò wọn? Kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ IBEDC nísinsìnyí, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà lórí ìwé kí ilé-iṣẹ́ kankan tó gbé páànẹ̀lì wá.