Oore Tó Ń Sọ Ọmọ Olóbìí Di Aláìlóbìí

Àwọn àgbà ní a kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó ṣe ènìyàn lóore, tó wá jókòó tì í pé kí wọ́n máa dúpẹ́, ti fọwọ́ ara rẹ̀ ba oore náà jẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ pé kí olóore di ojú rẹ̀ kó tó nawọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Ghánà, jẹ́ ẹ̀kọ́ ńlá lórí èyí.

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́ ní Accra, àpò ìrẹsì, páálí mílíìkì, òróró àti ọṣẹ a máa wọ́ lọ sí àwọn ilé ọmọ aláìlóbìí. Ìjọ ń gbé e lọ, ilé-iṣẹ́ ń gbé e lọ, ẹni tó ń ṣe ọjọ́ìbí náà kì í gbẹ́yìn. Wọn a ya fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, onílé a súre, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdùnnú pé òun ti ṣàánú ọmọ òrukàn.

Ta wá ni àwọn ọmọ náà? Ní ọdún 2009, ẹ̀ka ìjọba Ghánà tó ń mójú tó ìgbáyégbádùn ará ìlú sọ ohun tí ìwádìí rẹ̀ fi hàn. Nǹkan bí 4,500 ọmọ ló wà ní irú ilé bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àwọn tí kì í ṣe òrukàn rárá nínú wọn sì lè tó ìdá 90 nínú 100. Ilé 148 ni wọ́n kà. 140 nínú wọn ni kò ní ìwé àṣẹ.

Báwo ni ọmọ olóbìí ṣe ń dé ilé ọmọ aláìlóbìí? Òṣì ló ń tì í, oore ló sì ń fà á. Ìyá tí kò rí owó ilé-ìwé san gbọ́ pé ibì kan wà tí ọmọ yóò ti jẹun yó, tí yóò sì kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fa ọmọ lé wọn lọ́wọ́. Onílé mọ̀ pé iye orí ọmọ ni àwọn olóore ń wò kí wọ́n tó tú àpò. Bí ọmọ bá dín, ọrẹ yóò dín. Kí ni yóò wá mú irú onílé bẹ́ẹ̀ wá ìyá ọmọ kiri kó lè dá a padà? Ọmọ ti di ọjà, ẹni tó gbé ìrẹsì wá sì ti di oníbàárà láìmọ̀.

Ilé tí ìjọba fúnra rẹ̀ ń bójú tó pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ àbùkù. Ní ọdún 2010, akọ̀ròyìn Anas Aremeyaw Anas, ẹni tí kì í jẹ́ kí aráyé rí ojú òun, dọ́gbọ́n wọ ilé ọmọ ìjọba tó wà ní Osu, ní Accra. Ìròyìn tó gbé jáde sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ kan ń kó lára ẹrù tí wọ́n fi ta àwọn ọmọ lọ́rẹ fún ara wọn.

Ìjọba Ghánà kò kúkú káwọ́ gbera. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò láti máa dá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹbí. Nígbà tó di ọdún 2008, wọ́n dá ètò LEAP sílẹ̀, èyí tó ń fún àwọn ìdílé tálákà paraku lówó, títí kan àwọn tó ń tọ́ ọmọ òrukàn. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí a fi gbé ìyá dìde nílé rẹ̀ ń pa ìyá àti ọmọ pọ̀. Èyí tí a gbé lọ sí ilé onílé lè yà wọ́n.

Èyí kò ní kí ẹnikẹ́ni dẹ́kun àtitọrẹ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí kò sẹ́ni tó mọ ẹbí wọn. Bí gbogbo ọwọ́ bá ká kò, àwọn gan-an ni yóò kọ́kọ́ jìyà. Ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú ọrẹ. Ǹjẹ́ ilé yìí ní ìwé àṣẹ? Ọmọ mélòó níbẹ̀ ló ní òbí láyé? Mélòó ni wọ́n dá padà sọ́dọ̀ ẹbí lọ́dún tó kọjá? Ta ló ń kọ ẹrù tó wọlé sílẹ̀, ta ló sì ń yẹ ìwé náà wò? Onílé tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ kò ní bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá fajú ro ti dáhùn.

Yálà ní Accra ni o tàbí ní Ìbàdàn, ìyá ni wúrà, baba ni dígí. Kí olóore kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ìyá ọmọ ń bẹ láàyè, kó tó gbé àpò ìrẹsì sínú ọkọ̀.