Nọ́ńbà Ò Mọ Iye Ìyàwó Tí Bàbá Àgbà Ní

Ní ayé ìsinsìnyí, èèyàn lè ra àyẹ̀wò DNA lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ra bàtà. Wọ́n á fi ìgò kékeré ránṣẹ́ sí i, á tutọ́ sínú rẹ̀, á dá a padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúkọ àwọn ìbátan tí kò mọ̀ rí á tò lọ rẹrẹ lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe àyẹ̀wò náà á tún kọ ohun tí wọ́n rò pé ẹni náà jẹ́ sí i: àbúrò, kọ́sìn, tàbí ọmọ kọ́sìn.

Èrò tèmi rèé: ẹ gba nọ́ńbà náà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tètè gba orúkọ tí wọ́n so mọ́ ọn. Ìwọ̀n ni nọ́ńbà. Àbá ni orúkọ, wọ́n sì dá àbá náà bíi pé ọkọ kan, aya kan ló wà nínú gbogbo ilé. Ilé ọ̀pọ̀ àwọn bàbá ńlá wa ò rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń wọ̀n? Ìdajì DNA wa ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ìdajì ti ọ̀dọ̀ ìyá wá. Bó ṣe ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ó máa ń gé, á sì tún ara rẹ̀ so. Nítorí náà, bí ìbátan bá ṣe jìnnà tó, bẹ́ẹ̀ ni ègé tí ẹni méjì jọ ní á ṣe máa kéré sí i. Centimorgan, tí wọ́n ń kọ ní cM, ni wọ́n fi ń wọn àwọn ègé yìí. Orúkọ Thomas Hunt Morgan ni wọ́n fi sọ ọ́, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó fi eṣinṣin èso ṣe ìwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Alfred Sturtevant, ló ya máàpù àkọ́kọ́ tó fi bí àwọn jíìnì ṣe tò tẹ̀lé ara wọn hàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1913.

Òbí àti ọmọ máa ń jọ ní nǹkan bí 3,400 sí 3,500 cM. Àwọn tí bàbá kan náà àti ìyá kan náà bí máa ń jọ ní nǹkan bí 2,600. Kọ́sìn tí wọ́n jọ ní bàbá àgbà àti ìyá àgbà kan náà máa ń wà ní nǹkan bí 870, ṣùgbọ́n ó lè bọ́ sí 400, ó sì lè gòkè dé 1,400. Ẹ kíyè sí bí àlàfo yẹn ṣe gbòòrò tó.

Ẹ lè ṣe ìṣirò ìbátan fúnra yín láìsí kọ̀ǹpútà. Sewall Wright, ará Amẹ́ríkà mìíràn, ló gbé ọ̀nà rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dún 1922. Ẹ ka ìṣísẹ̀ láti ọ̀dọ̀ yín gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ jọ ṣẹ̀ wá, kí ẹ sì kà á sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gé e sí méjì. Láti ọ̀dọ̀ yín sí màmá yín, sí bàbá àgbà, sí ẹ̀gbọ́n màmá yín, sí ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá yín: ìṣísẹ̀ mẹ́rin nìyẹn. Ẹ gé odindi sí méjì nígbà mẹ́rin, ẹ ó rí ìdá kan nínú 16. Bí ẹ bá jọ ní ìyá àgbà náà, ẹ tún rí ìdá kan nínú 16 mìíràn gbà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ á di ìdá kan nínú 8. Ohun tí ilé-iṣẹ́ wọ̀nyẹn ń retí láàárín kọ́sìn àti kọ́sìn nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká ní bàbá àgbà yìí fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Ìyálé ló bí ẹ̀gbọ́n màmá yín, ìyàwó kejì ló bí màmá yín. Ọ̀dọ̀ bàbá àgbà nìkan ni ẹ ti jọ ṣẹ̀ wá, ìdá kan nínú 16 náà ló sì kù. Nọ́ńbà yín á wà ní nǹkan bí 450 cM dípò 870. Kọ̀ǹpútà á wo 450, á ní, "Ọmọ kọ́sìn yín nìyí." Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnì kan á sọ pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun láti kékeré. Ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí màmá àgbà tó ti kú, tí kò lè gbèjà ara rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sẹ́ni tó purọ́. Ìyàwó mẹ́ta ló wà nílé, kò sì sí ẹni tó sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Wọ́n máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ Yorùbá pé èdè wa ò ní ọ̀rọ̀ tó péye fún ìbátan, pé gbogbo ẹ̀ ò ju ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lọ. Mi ò gbà. Ọ̀rọ̀ tí àyẹ̀wò yìí nílò gan-an wà lẹ́nu wa. Ọbàkan ni àwọn tí bàbá kan náà bí, tí ìyá wọn yàtọ̀. Iyèkan ni àwọn tí ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni wọ́n ti jọ tan. Ìyàtọ̀ yẹn hàn nínú DNA pẹ̀lú. Bàbá kò ní ju kúrómósómù X kan lọ, odindi rẹ̀ ló sì ń fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan tó bá bí. Nítorí náà, obìnrin méjì tó jẹ́ ọbàkan gbọ́dọ̀ jọ ní X bàbá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bí wọn ò bá jọ ní in, bàbá kan náà kọ́ ló bí wọn.

Ẹ tún wo àṣà opó ṣíṣú. Ọkùnrin kú, àbúrò rẹ̀ ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó, obìnrin náà sì tún bímọ fún un. Kí ni àwọn ọmọ náà jẹ́ síra wọn? Ìyá kan náà ló bí wọn: ìdá 25 nínú 100. Bàbá wọn sì jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò: ìdá 12.5. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 37.5. Ó ju ti ọmọ ìyá kan lásán lọ, kò sì tó ti àwọn tí ìyá àti bàbá wọn jẹ́ ọ̀kan náà, tó jẹ́ 50. Ó lè ṣòro fún kọ̀ǹpútà láti mọ ibi tí yóò fi wọ́n sí. Àgbàlagbà kan nílé lè ṣàlàyé ẹ̀ ní gbólóhùn kan.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Nǹkan bí 1,750 cM lè jẹ́ ọbàkan yín. Ó lè jẹ́ iyèkan, àbúrò bàbá yín, ìyá àgbà yín tàbí ọmọ ọmọ yín. Ọjọ́ orí á yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ìtàn ilé ló máa yanjú ìyókù.

Òfo náà ní ìtumọ̀ tiẹ̀, pàápàá fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Brazil àti Cuba. Lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ọdún 1835 ní Bahia, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sí etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Irú wọn la mọ̀ sí Àgùdà ní Èkó. Ká ní ẹ̀gbọ́n padà sí Èkó, àbúrò dúró sí Bahia. Àwọn ọmọ wọn jẹ́ kọ́sìn ìpele kìíní, ọmọ ọmọ wọn jẹ́ ìpele kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá fi máa dé ìpele kẹrin, nǹkan bí ìdajì irú kọ́sìn bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò ò ní rí ohunkóhun láàárín wọn. Ní ìpele kẹfà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló máa rí òfo. Tí ẹnì kan ní Èkó bá ní ìtàn ilé òun bá tiyín mu, tí àyẹ̀wò sì ní kò sí nǹkan kan, ẹ má tìtorí ìyẹn kọ ẹni náà sílẹ̀. Òfo ò sọ pé ẹ ò tan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: àgbàlagbà náà ń bo àṣírí, DNA kì í purọ́. Òótọ́ ni. Àyẹ̀wò ti tú àṣírí rí, á sì tún tú òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà fẹ̀sùn kan òkú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá ìyàwó púpọ̀ tàbí opó ṣíṣú ò ti ṣàlàyé ẹ̀. Ìbéèrè yẹn rọrùn ju ìtìjú tó lè gbẹ̀yìn ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ra ìgò itọ́, ẹ kọ́kọ́ pe àgbàlagbà ilé yín lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n pé: "Màmá, ìyàwó mélòó ni bàbá yín fẹ́? Èwo nínú wọn ló bí ta? Ṣé wọ́n ṣú ẹnikẹ́ni lópó nínú ilé yín?" Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń ya ìlà ìdílé yín, ẹ kọ ọbàkan àti iyèkan síbẹ̀ bó ṣe wà, ẹ má sọ gbogbo ẹ̀ di kọ́sìn. Ìgò itọ́ á ṣì wà ní títà lọ́dún tó ń bọ̀. Màmá tó mọ ẹni tó bí ta lè má sí níbẹ̀ mọ́.