Àjẹ́ ké lánàá, ẹja kú lónìí: ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi omi

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe ẹja ọjà, ẹja tí à ń sìn nínú ilé ni: àrọ̀ àti èpìyà inú bassin tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ sẹ́yìnkùlé, àti ẹja ẹlẹ́wà tí àwọn kan ń tọ́jú nínú àpótí gíláàsì. Ẹni tó bá ti sìn wọ́n rí mọ irú òwúrọ̀ tí mò ń wí. Alẹ́ àná, wọ́n jẹun dáadáa. Ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti yí ikùn sókè.

Ó dun ni. Owó oúnjẹ wọn nìkan kì í ṣe kékeré, ká má tíì sọ oṣù mẹ́fà tí ènìyàn fi ń jí lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí ni ohun tó máa ń tẹ̀lé ikú wọn. Kí oòrùn tó ga, wọ́n ti mọ ẹni tó ṣe é. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ni. Aládùúgbò tí a jọ jà lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Ìyá arúgbó tó wá tọrọ omi nírọ̀lẹ́ àná ni. A sì ní òwe tí a fi ń gbè é lẹ́sẹ̀: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ṣùgbọ́n òwe yẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Èrò tèmi rèé: nígbà tí ẹja bá kú lójijì, omi ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè, ká tó bi ọmọ aráyé.

A máa ń sọ pé omi kò lọ́tàá. Fún àwa tí à ń mu ún, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún ẹja, omi ni ilé, omi ni afẹ́fẹ́, omi náà sì ni ṣáláńgá. Inú omi kan náà ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń mí, ibẹ̀ náà ló ń yàgbẹ́ sí. Ẹ wo yàrá kan tí ènìyàn ogún wà nínú rẹ̀, tí kò ní fèrèsé, tí kò sì ní ilé ìgbẹ́. Bí wọ́n bá dákú lóru, ṣé àjẹ́ la ó kọ́kọ́ pè?

Ohun àkọ́kọ́ tó ń pa ẹja lóru kan ni àìrí èémí mí. Atẹ́gùn kan wà nínú omi, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní oxygène. Bí omi bá ṣe ń gbóná tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ láti gba atẹ́gùn yìí ń dín kù. Omi tí kò níyọ̀, tó wà ní ìwọ̀n 20°C, lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9 nínú lítà kan. Ní 30°C, kò ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Omi tó ti di àwọ̀ ewé tún burú sí i. Lọ́sàn-án, ewé tíntìntín inú rẹ̀ ń pèsè atẹ́gùn. Lóru, òun náà ń mí, ó ń bá ẹja du ìwọ̀nba tó kù. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ìdájí ni ikú yìí sábà máa ń dé. Aládùúgbò kọ́ ló yan àkókò yẹn.

Ẹja fúnra rẹ̀ máa ń sọ ohun tó pa á fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Bí wọ́n bá gbé ẹnu sókè lójú omi, tí wọ́n ń gbé afẹ́fẹ́ mì, èémí ni kò tó. Bí èyí tó tóbi bá kọ́kọ́ kú tí àwọn kéékèèké ṣì wà láàyè, èémí náà ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá jẹ́ àwọn kéékèèké ló kọ́kọ́ lọ, tí àwọn yòókù ń sáré kiri bí ẹni tí gìrì mú, ẹ wá májèlé. Àrọ̀ tó ti dàgbà ní ohun kan nínú orí tó fi lè mí afẹ́fẹ́ ìta. Èpìyà kò ní in. Nítorí náà, bí èpìyà bá kú tí àrọ̀ sì yè nínú omi kan náà, ọ̀rọ̀ èémí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bí àrọ̀ pàápàá bá kú, ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀. Àìsàn sì níwà tirẹ̀: ó sábà máa ń mú méjì lónìí, márùn-ún lọ́la, mẹ́wàá lọ́tùnla. Ohun tó bá pa gbogbo wọn lóru kan ṣoṣo, inú omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wá a.

Ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn lè jẹ́ ammoniac. Ẹja ń tú u jáde láti ibi tó fi ń mí, oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán tó ń rà nísàlẹ̀ omi náà sì ń mú un wá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń sọ ammoniac di nitrite, àwọn mìíràn á sì sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ẹja. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò yìí kì í délé lọ́jọ́ kan. Nínú omi tuntun, wọ́n máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tó bá da ọmọ ẹja ẹgbẹ̀rún kan sínú bassin tuntun lọ́jọ́ kan, kí ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé? Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó gbọ́n gbogbo omi dànù, tó fi ọṣẹ fọ ara ògiri títí ó fi ń dán. Ó rò pé ìmọ́tótó ni. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló lé lọ. Bí nitrite bá pọ̀, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja: ibi tó yẹ kó pupa á ti di àwọ̀ ilẹ̀.

Ó tún lè jẹ́ ohun tí a fi ọwọ́ ara wa dà sí i. Omi ẹ̀rọ tó wá láti ìlú ní chlore nínú. Kì í pa àwa, ṣùgbọ́n ó ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Kí a pọn ọ́n sílẹ̀ nínú agbada tí a kò dé, ó kéré tán ọjọ́ kan, kí a tó bù ú fún ẹja. Òògùn ẹ̀fọn tí à ń fín sínú ilé, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó fún ẹja láti kú. Àwọn àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ń pín fún wa, òògùn bẹ́ẹ̀ náà ló wà lára wọn; ẹ má ṣe fọ̀ wọ́n lẹ́bàá omi ẹja. Ẹ̀yin tí ẹ ń fín òògùn sí òwú ní Kétu àti ní Sábẹ̀, ibi tí ẹ bá ti fọ ẹ̀rọ ìfín-òògùn yín, òjò á gbé e lọ síbi tí ẹ kò rò.

Ní etí ọ̀sà wa, iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Ọdún 1885 ni wọ́n la ojú omi Kútọnu, tí ọ̀sà Nokoué fi rí ọ̀nà dé òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun ń wọlé. Nígbà tí odò Ouémé bá kún, láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, omi odò á tún lé iyọ̀ padà. Èpìyà ọ̀sà, èyí tó ń sá pamọ́ sínú igi acadja, ti mọ́ra pẹ̀lú rẹ̀. Àrọ̀ kò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Omi ọ̀sà tí ẹ bù fún àrọ̀ yín nínú oṣù kẹwàá tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, bí ẹ bá bù ú nínú oṣù kẹta, omi mìíràn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹja òkun nínú gíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan. Bí omi bá fà nínú ooru wa, omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ ń dúró. Ẹni tó bá tún fi omi oníyọ̀ dí àlàfo náà, iyọ̀ lórí iyọ̀ ló ń dà; omi tí kò níyọ̀ ló yẹ kó fi dí i. Omi oníyọ̀ tún ń gba oxygène kéré sí omi odò, nítorí náà bí iná mànàmáná bá lọ tí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ dúró, wákàtí díẹ̀ ti tó láti ba nǹkan jẹ́. Nínú omi kékeré bẹ́ẹ̀, ẹja kan tó kú sẹ́yìn òkúta tí ẹnikẹ́ni kò rí, tó ń jẹrà, lè pa àwọn tó kù. Ikú kan á bí òmíràn.

Kí wá ni ká ṣe lọ́jọ́ náà? Ẹ kọ́kọ́ bu omi náà sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ dé e, kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun. Ẹ mú ẹja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, kí ẹ fi yìnyín sí i. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ rí i sílẹ̀, iye tó kú, àti irú èyí tó kú. Ẹ kó gbogbo òkú kúrò kíá. Ẹ dá oúnjẹ dúró. Ẹ yọ bí ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà, kí ẹ fi omi tó ti sùn dí i, kí ẹ máa dà á láti òkè kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹ má ṣe yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì sáré da òògùn antibiotique sí i láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó lè pa àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ fún yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé ìgò àti ẹja lọ bá dókítà ẹranko tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja. Ní Àjàṣẹ́, Songhaï tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 náà ń kọ́ ènìyàn ní ọ̀sìn ẹja.

Mo mọ agbo ilé kan tí wọn kò ṣe báyìí. Ẹja kú, wọ́n dárúkọ ìyàwó àbúrò. Obìnrin náà kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òmíràn tún kú, nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó rántí pé ọjọ́ méjèèjì ni wọ́n fi omi ẹ̀rọ kún bassin náà tààrà. Obìnrin náà ti padà sílé, ṣùgbọ́n kì í bá wọn jẹun mọ́. Ẹja ṣeé rà padà. Ta ni yóò ra ìyẹn padà?

Ẹlòmíràn á ní: “Tíṣà, ṣé kò sí ènìyàn burúkú ni?” Ó wà. Ẹni tó lè da májèlé sínú omi ẹni wà láyé, n kò jiyàn. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ bu omi sínú ìgò. Bí ẹnìkan bá ṣe é ní tòótọ́, ìgò yẹn lè jẹ́rìí níwájú ọba àti níwájú adájọ́. Bí kò bá sì sí ẹni tó ṣe é, ìgò yẹn náà ló máa gba aláìṣẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ẹni tó da omi dànù tó wá ń pariwo, ẹ̀rí ló dà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í fẹ́ sọ síta. Ẹja tó kú lójijì, tí a kò mọ ohun tó pa á, ẹ má ṣe yan án tà. Mo mọ̀ pé owó ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òògùn ló pa á, iná ààrò kò ní sọ ọ́ di oúnjẹ. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ jìn, kí ẹ sin ín, kí ó jìnnà sí kànga.

Àwa olùkọ́ náà ní ẹjọ́ tiwa. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa, òun la fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọmọ kan lè gba 16 nínú 20 nínú SVT, kó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ nípa oxygène àti ammoniac láìkọsẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹja ìyá rẹ̀ àgbà bá kú, tí wọ́n ń dárúkọ ènìyàn, kò ní lè la ẹnu, nítorí kò tíì gbọ́ ọ rí ní èdè tí ìyá náà gbọ́. Ìmọ̀ tí kò lè dé ìdí ààrò kò tíì délé. Gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí, Yorùbá gbà á. Ẹ kà á sí wọn létí.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ẹja aládùúgbò yín tó kú lánàá, tiyín ló ń kìlọ̀ fún. Ẹ lọ wo omi yín lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Ire o.