Kànga Olówó Ń Fa Kànga Tálákà Gbẹ: Ọ̀ràn Omi Ní Souss

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, púpọ̀ nínú tòmátò tí àwọn ará ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ nígbà òtútù, láti Chtouka ni ó ti ń wá, pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí òkun tí ó wà ní gúúsù ìlú Agadir, ní agbègbè Souss ti ilẹ̀ Mòrókò. Òjò ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 200 mìlímítà lọ lọ́dún. Omi wo ni wọ́n wá fi ń gbin tòmátò náà? Omi abẹ́ ilẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni tí ó bá rí ni ó ń pa. Omi abẹ́ ilẹ̀ Souss ní ọ̀rẹ́ ní tirẹ̀: ẹni tí ó lówó ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn olóko ńlá ti ń fa omi ju èyí tí òjò ń dá padà lọ. Bí omi ti ń lọ sísàlẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ kànga jìn sí i, tí ó fi kọjá 100 mítà, tí ó kọjá 200. Àgbẹ̀ tí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ń wo kànga bàbá rẹ̀ bí ó ti ń gbẹ. Létí òkun, bí omi dídùn bá ti fà sẹ́yìn, omi iyọ̀ ni ó ń rọ́ wọlé dípò rẹ̀, kànga tí iyọ̀ bá sì ti bà jẹ́ kì í tètè sàn.

Àwọn kan ń wí pé ẹ̀rọ ìgbàlódé ti yanjú ọ̀ràn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá! Láti ọdún 2008, ìjọba ń san 80 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọ̀pá tí ń kán omi sí ìdí ọ̀gbìn, kí omi má baà ṣòfò. Kí ni ọ̀pọ̀ olóko fi omi tí ó ṣẹ́ kù ṣe? Wọ́n fi fẹ oko ni. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n ń ti omi ẹ̀rọ pa lóru fún àwọn ará Agadir, tòmátò sì ń lọ sí òkè òkun.

Ní ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ tí ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Chtouka. Agbára rẹ̀ tó 275,000 mítà oníhàmẹ́ta lójúmọ́: 150,000 fún mímu, 125,000 fún oko. Ó dára, ta ni yóò sẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n omi yìí wọ́n ju omi kànga lọ. Bí wọn kò bá dí ẹnu kànga, ta ni yóò fi èyí tí ó pọ́ọ́kú sílẹ̀ lọ ra èyí tí ó gbówó lórí?

Kì í ṣe òfin ni kò sí. Òfin ọdún 1995 àti ti 2016 ti sọ pé ti gbogbo ìlú ni omi. Ọ̀nà Ìmáámù Màlíkì tí Mòrókò ń tọ̀, tí Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá náà ń tọ̀, kò gbà kí ènìyàn gbẹ́ kànga tuntun tí yóò fa kànga àtijọ́ ti aládùúgbò rẹ̀ gbẹ. Kí ìjọba ibẹ̀ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ òǹkà sí kànga àwọn alágbára, kí wọ́n sì dí èyí tí a gbẹ́ láìgba àṣẹ, kí wọ́n tó tún na owó ìlú sórí omi òkun.