Ajá Inú Ọgbà Náà Nílò Abẹ́rẹ́

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ láti Ibafo, pé ajá tí kì í jáde nínú ọgbà kò nílò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ náà léwu. Láti Mowe dé Ifọ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni kò tíì mọ ògiri yípo. Níbi tí géètì wà pàápàá, ajá ilé á máa ti imú bọ abẹ́ rẹ̀ láti bá ajá ìgboro ṣeré. Ológbò ń fo fẹ́ńsì lóru, òun náà sì lè kó àrùn yìí.

Bí ọmọ ajá tàbí ti ológbò bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Ẹ gba káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB wà ní Abẹ́òkúta.

Bí ajá bá gé ènìyàn jẹ, ẹ má fi irun ajá náà tàbí epo pupa sójú egbò. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sáré lọ sílé ìwòsàn. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹni tó bá rówó ra ajá, kó wá owó abẹ́rẹ́ mọ́ ọn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mowe