Jíìpù Ẹgbẹ́ Mi Nínú Òjò Dídì

Aago márùn-ún ìdájí kò tíì lù ní ìlú Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York, bí mo ṣe ń kọ èyí, òjò dídì tó ń rọ̀ láti àná sì ti ga dé orúnkún mi lẹ́nu ọ̀nà. Aago méje ni ọkọ mi yóò parí iṣẹ́ òru nílé ìwòsàn, èmi ni yóò sì lọ gbé e. Toyota 4Runner ọdún 1998 ni mo máa wà lọ. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà ni wọ́n bí èmi náà, nítorí náà, nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá pè é ní ògbólógbòó nínú ilé wa, ọkọ mi á kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan nínú yín tó ń múra àtilọ sí òkè òkun ti bi mí léèrè pé irú ọkọ̀ wo ló yẹ kí àwọn rà níbi tí òtútù ti ń mú bí èyí. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo máa ń sọ: ẹ ra jíìpù. Mo ti yí ìdáhùn náà padà, ìdí tí mo fi yí i padà ni mo fẹ́ rò fún yín lónìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí òjò dídì ibí ṣe rí. Adágún Erie ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ìlú wa. Bí atẹ́gùn tútù bá gba orí omi tí kò tíì dì kọjá, á gbé ọ̀rinrin àti ooru inú omi náà sókè, á sì da gbogbo rẹ̀ lé wa lórí ní òjò dídì. Ọ̀nà tóóró ni ó máa ń tọ̀. Oòrùn lè máa ràn ní àdúgbò kan, kí àwọn tó wà ní máìlì mẹ́wàá sí wọn má lè rí ọwọ́ ara wọn. Ìjì òjò dídì tó jà ní àsìkò Kérésìmesì ọdún 2022 pa èèyàn tó lé ní 40 ní ìlú yìí àti agbègbè rẹ̀, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ti bá òkú àwọn kan nínú wọn. A kò tíì dé síbí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó kí wa káàbọ̀.

Ọwọ́ bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń kó lọ sí Texas kí òtútù lè fi orúnkún rẹ̀ sílẹ̀, ni a ti ra jíìpù náà. Bàbá nawọ́ sí ọ̀pá kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá gíà, wọ́n ní, "Ìyàwó, wo ibí yìí dáadáa. Bí o bá ti gbé e sí H4 báyìí, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ṣiṣẹ́. Kò síbi tí kò níí gbé ẹ dé." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí ọ̀pá náà bá wà ní H2, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì nìkan ni ẹ́ńjìnì ń yí. Bí ó bá wà ní H4, ti iwájú náà á dara pọ̀ mọ́ wọn. L4 jẹ́ ti ibi tó le koko: agbára ọkọ̀ á pọ̀ sí i, ìrìn rẹ̀ á sì falẹ̀ bíi ti alágẹmọ. Ohun tí bàbá kò sọ, tí èmi náà kò sì bi wọ́n, ni bí ọkọ̀ náà yóò ṣe dúró.

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, mo ń gbé ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ sílé ìyá tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀. Bí a ṣe ń gun òkè kan, mo kọjá ọkọ̀ kékeré mẹ́ta tí táyà wọn ń yí lójú kan náà láì lọ. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ juwọ́ sí wọn. Mo ré orí òkè náà kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, iná pupa sì tàn ní oríta. Mo tẹ bíréèkì bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Bíréèkì ń gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, sítíárìn fúyẹ́ bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan, a sì ń yọ̀ lọ. Ọkọ̀ ńlá tó ń wọ́ òjò dídì kúrò lójú títì ń bọ̀ láti apá òsì. Níwájú rẹ̀ gan-an la ti yọ̀ gba àárín oríta kọjá, fèrè rẹ̀ ṣì wà létí mi di òní. Ìgbà tí a forí sọ òkìtì òjò dídì ní òdìkejì la tó dúró. Ọmọ mi pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Mọ́mì, ẹ tún un ṣe!" Èmi kò lè gbé ọwọ́ mi kúrò lára sítíárìn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà láàárín àwọn ọmọ Yorùbá ìlú yìí tó kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì ní Ìbàdàn kí wọ́n tó sọdá. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá wọn pé kí wọ́n bá mi yẹ bíréèkì rẹ̀ wò. Wọ́n tú u, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n wá bi mí pé, "Àbúrò, àwọn ọkọ̀ kékeré tí o kọjá lórí òkè yẹn, ẹsẹ̀ mélòó ni bíréèkì wọn ń mú?"

Mo ní, "Mẹ́rin, sà."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Mẹ́rin náà ni, sà."

"Kí lo wá fi jù wọ́n lọ nígbà tí o bá fẹ́ dúró?"

Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ ní yunifásítì, mo dákẹ́ lọ gbári. Ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ẹ́ńjìnì ń yí ń ranni lọ́wọ́ láti gbéra, láti gun òkè, láti jáde nínú kòtò. Bó bá ti di ọ̀ràn dídúró àti yíyà, táyà nìkan ló kù láàárín ọkọ̀ àti yìnyín.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Mo rí nọ́ńbà mẹ́rin kan tí mi ò kọbi ara sí rí: 3514. Ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógójì kọ́ o, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Ojú táyà náà ṣì ga, nítorí bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó dára. Ṣùgbọ́n rọ́bà rẹ̀ ti gan bíi bàtà tó pẹ́ nínú oòrùn. Táyà ìgbà òtútù yàtọ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe é kì í le nígbà tí òtútù bá ti wálẹ̀ kọjá ìwọ̀n 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n sì fi abẹ kéékèèké gé ojú rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ kí ó lè di òjò dídì mú. Àmì tí ẹ máa wá lára rẹ̀ ni àwòrán òkè onígongo mẹ́ta tí ẹ̀wẹ́ òjò dídì wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà M àti S nìkan kò tó: bí wọ́n ṣe gé ojú táyà ni lẹ́tà yẹn ń sọ, kì í ṣe pé wọ́n ti dán an wò lórí òjò dídì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ gbọ́dọ̀ pààrọ̀ pọ̀, torí bí méjì bá di ilẹ̀ mú tí méjì kò dì í mú, ẹ̀yìn ọkọ̀ lè ṣíwájú orí rẹ̀. Owó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí a fi ra jíìpù náà. A san án.

Nọ́ńbà mẹ́rin yẹn wà lára táyà tòkunbọ̀ tí ẹ̀yin ará ilé ń rà ní Ládípọ̀ pẹ̀lú. Ẹ máa kà á kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀nà tí mo ń gbà wa ọkọ̀ ti yí padà. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Mo máa ń fi àyè sílẹ̀ níwájú mi títí àwọn tó wà lẹ́yìn á fi máa fọn fèrè. Kí n tó dé kọ́ńà ni mo ti ń dín eré kù. Bí mo bá ti ń yà, mi ò tẹ nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, mo máa ń gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, mo sì máa ń wo ibi tí mo fẹ́ lọ, kì í ṣe ohun tí mo ń bẹ̀rù, torí ibi tí ojú bá wò ni ọwọ́ ń tọ̀. Bíréèkì tó ń gbọ̀n nísinsìnyí kò dẹ́rù bà mí mọ́. Ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há ló ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo gbé tèmi kúrò.

H4 náà ní èèwọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń yà, ọ̀nà tí ẹsẹ̀ iwájú ń gbà gùn ju ti ẹ̀yìn lọ, bẹ́ẹ̀ H4 nínú irú jíìpù àtijọ́ yìí ti de iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Lórí òjò dídì, táyà á yọ̀ díẹ̀, ìdè náà á sì tú. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, kò síbi tí yóò yọ̀ sí, gíà inú lọ́hùn-ún ni ìyà yóò jẹ. Bí ojú títì bá ti mọ́, ẹ dá a padà sí H2.

Iyọ̀ ló kù, òun gan-an ni ọ̀tá jíìpù àgbà. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí ojú títì kí yìnyín lè yọ́. Omi iyọ̀ yẹn á ta sí abẹ́ ọkọ̀, á wọ inú kọ̀rọ̀ ṣáásì, á sì máa jẹ irin láti inú wá sí òde. Òkè ọkọ̀ á máa dán, egungun rẹ̀ á ti jẹrà. Ẹ̀gbọ́n máa ń fi òòlù kékeré gbá ṣáásì wa kan kan kan: irin tó yè á dún gbọnran, èyí tí ìpẹtà ti jẹ á dún bí igi gbígbẹ. Ojú kan ṣoṣo ló dún bẹ́ẹ̀ lára tiwa, wọ́n gé e, wọ́n sì jó irin tuntun mọ́ ọn. Nísinsìnyí, bí òtútù bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo máa ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi omi fọ abẹ́ ọkọ̀. Kí ìgbà òtútù tó wọlé, a sì ń fi ọ̀rá tí wọ́n yọ lára irun àgùntàn kun abẹ́ rẹ̀. Òórùn rẹ̀ kò dára, mi ò níí purọ́. Ẹ rántí pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Kùtọnu àti Èkó, ojú títì oníyọ̀ bí èyí ni wọ́n ti wá. Ẹ má wo ọ̀dà ara ọkọ̀ nìkan. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀.

Ti bátìrì kò gùn: òtútù ń gba agbára rẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí òjò dídì tó bẹ̀rẹ̀. Omi lásán tí a ń bù sí rédíétọ̀ nílé, níbí, á dì, á wú, á sì la ẹ́ńjìnì sí méjì. Ìdajì omi àti ìdajì èròjà tí kì í jẹ́ kó dì ni a ń lò, èyí kì í dì títí di nǹkan bíi ìwọ̀n 37 sísàlẹ̀ òdo.

Ìdajì táǹkì epo ni mo kà sí òfo. Ṣọ́bìrì, iyanrìn, kúbùsù àti tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́yìn ọkọ̀ ní gbogbo ìgbà. Bí ọkọ̀ bá há sínú òjò dídì tí ẹ fẹ́ tan ẹ́ńjìnì kí ara yín lè móoru, ẹ kọ́kọ́ jáde lọ gbẹ́ ẹnu páìpù èéfín. Bí òjò dídì bá dí i, èéfín á padà sínú ọkọ̀. Májèlé inú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa èèyàn.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá kí wa láti Òṣogbo, ni yóò dúró ti ọmọ. Lánàá, wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbá orí ọkọ̀ bí ẹni ń gbá àgbàlá. Mo ní bí mo bá tẹ bíréèkì, gbogbo rẹ̀ ló máa ya bo gíláàsì iwájú. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó ku ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yẹn o, ìyàwó mi. Gbá a mọ́."

Ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀nà ilé ìwòsàn. Mo ti ya wákàtí kan àti ààbọ̀ sọ́tọ̀ fún un, ọkọ mi sì ti ránṣẹ́ pé òun ti rí àga jókòó sí. Ìgbálẹ̀ mi dà?